A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìtàn Ètò Ìlò Ilẹ̀ àti Ìdènà Omi ní Orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, 1918 sí 2024

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí ìjọba orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì ṣe ṣètò ilẹ̀ àti omi rẹ̀ láti ọdún 1918 títí di ọdún 2024. Kì í ṣe gíga odi tàbí iye owó tí wọ́n ná nìkan ni ó jẹ iṣẹ́ náà lógún, bí kò ṣe ipò àwọn tí irú ètò bẹ́ẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, àwọn bí apẹja, àgbẹ̀ àti onílé. Iṣẹ́ ńlá mẹ́rin ni àgbéyẹ̀wò náà dá lé: sísé òkun Zuiderzee, Iṣẹ́ Delta, ojú irin Betuwe àti ètò Ààyè fún Odò. Ohun tí ó jẹyọ ni pé àjálù ni ó sábà máa ń ṣí àpò ìjọba, ṣùgbọ́n ohùn àwọn tí yóò pàdánù ni ó ń tún ètò ṣe. Bí ìjọba bá ṣe tètè gbọ́ ohùn náà tó ni ètò náà ṣe ń fìdí múlẹ̀ tó.

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí a bá fi òwe yìí wo ètò ìlò ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe, yóò hàn pé ó ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá jókòó sí olú-ìlú, tí wọ́n fa ìlà sórí máàpù pé ibí ni odi yóò gbà, ọ̀hún ni ojú irin yóò tọ̀, ilé ẹnì kan, oko ẹnì kan tàbí ibú omi tí ẹnì kan ti ń pẹja ni ìlà náà ń gbà kọjá. Ìbéèrè tí ó wà níwájú òpìtàn ni pé: ta ni ó wà níjòókòó nígbà tí wọ́n ń fa ìlà náà, ta sì ni ó san gbèsè rẹ̀?

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, díẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ìbéèrè yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n bí ó ṣe kan Nẹ́dálándì. Ibẹ̀ ni àwọn odò ńlá bí Rhine, Maas àti Scheldt gbà wọ Òkun Àríwá. Nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà ni ó rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Ìdá 29 mìíràn sì wà níbi tí odò lè bò mọ́lẹ̀ bí kò bá sí odi. Nǹkan bí mílíọ̀nù 18 ènìyàn ni ó ń gbé níbẹ̀. Fún irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀, ètò ilẹ̀ àti ètò omi kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, èkejì ti yẹ̀ nìyẹn.

Ìpìlẹ̀: Àwọn Ìgbìmọ̀ Alámòójútó Omi

Kí ìjọba àpapọ̀ tó fìdí múlẹ̀ ni àwọn ará Nẹ́dálándì ti ń fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ omi. Ní ọdún 1255, Willem Kejì, olórí ẹkùn Holland, fi ìwé àṣẹ fún ìgbìmọ̀ omi ti Rijnland, ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù lọ. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ lẹ́bàá odi ni ó ní ojúṣe láti tún ìwọ̀n tirẹ̀ ṣe. Olóyè tí a mọ̀ sí dijkgraaf, tí ìtumọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ olórí odi, a máa bẹ odi wò, a sì máa fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá jáfara. Nígbà tí ó yá, owó orí rọ́pò iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò yí padà: bí odi bá ya ní oko ẹnì kan, gbogbo àdúgbò ni yóò rì. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ odi aládùúgbò kò kan òun.

Ní nǹkan bí ọdún 1950, irú àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí tó 2,600. Wọ́n ti pa wọ́n pọ̀ di 21, ṣùgbọ́n wọn kò parẹ́. Àwọn ará ìlú sì ń dìbò yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ omi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1798, èyí tí a mọ̀ sí Rijkswaterstaat lónìí. Láti ìgbà náà ni agbára méjì ti ń bá ara wọn rìn: agbára ìbílẹ̀ tí ó mọ ibi tí odi ti ń jò, àti agbára àpapọ̀ tí ó ní owó àti àwọn onímọ̀. Ìtàn tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ìtàn bí àwọn méjèèjì ṣe ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Sísé Òkun Zuiderzee

Zuiderzee jẹ́ apá òkun tí ó wọ àárín orílẹ̀-èdè náà lọ láti àríwá. Ní ọdún 1891, ẹnjiníà Cornelis Lely (1854–1929) gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí wọ́n fi odi sé ẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì gbẹ omi inú rẹ̀ lápá kan kí ó lè di oko. Àwọn tí ó gbọ́ ètò náà ní ó dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ jù. Lely di mínísítà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ ètò rẹ̀ wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ohun méjì ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Èkínní ni ìjì tí ó jà ní òru ọjọ́ 13 mọ́ ọjọ́ 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1916, tí odi ya káàkiri etí Zuiderzee. Ní erékùṣù Marken nìkan, ènìyàn mẹ́rìndínlógún ni omi gbé lọ. Èkejì ni Ogun Àgbáyé Kìíní. Nẹ́dálándì kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ogun náà dínà ọkọ̀ ojú omi, oúnjẹ sì wọ́n. Orílẹ̀-èdè tí ebi ń rún mọ́ rí i pé ilẹ̀ oko kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ní ọjọ́ 14 oṣù Òkúdù ọdún 1918, òfin Zuiderzee di òfin.

Kí iṣẹ́ ńlá náà tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba bẹ Hendrik Lorentz, onímọ̀ físíìsì tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1902, pé kí ó ṣe ìṣirò ohun tí òkun yóò ṣe lẹ́yìn odi. Ọdún mẹ́jọ ni ìgbìmọ̀ rẹ̀ fi ṣe é. Wọ́n rí i pé omi tí wọn kò jẹ́ kí ó wọlé yóò ga sí i ní etíkun Friesland, nítorí náà ni wọ́n ṣe yí ibi tí odi náà yóò kàn ní ẹ̀gbẹ́ Friesland padà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu ní ọdún 1927. Ní ọjọ́ 28 oṣù Èbìbí ọdún 1932, àlàfo ìkẹyìn dí. Odi Afsluitdijk, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 32, ti ya òkun nípá. Lely kò rí ọjọ́ náà, ó ti kú ní ọdún 1929.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wo odi yìí fínnífínní, ṣùgbọ́n àwọn apẹja kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ní Urk, Volendam, Marken àti àwọn ìlú etí omi mìíràn, ẹja ṣáwá àti àwọn ẹja omi iyọ̀ mìíràn ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Nígbà tí ẹnu òkun dí, odò IJssel ń da omi tí kò níyọ̀ sínú rẹ̀. Zuiderzee di adágún IJsselmeer, ẹja òkun sì tán nínú rẹ̀. Ọdún 1925, ìyẹn ọdún méje lẹ́yìn òfin àkọ́kọ́, ni òfin ìrànwọ́ fún àwọn apẹja tó jáde. Orúkọ òfin náà pàápàá sọ̀rọ̀: ìrànwọ́ ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní owó gbà-má-bínú. Ìjọba ń ṣàánú wọn ni, kò gbà pé òun jẹ wọ́n ní gbèsè. Kò sì sí ohun kan nínú ètò odi náà tí ó yí padà nítorí ohùn wọn. Àwọn ará Urk, tí erékùṣù wọn so mọ́ ilẹ̀ ní ọdún 1939, gbé ọkọ̀ wọn lọ sí Òkun Àríwá, wọ́n sì ń pẹja níbẹ̀ títí di òní. Kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó rí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbà.

Ètò lórí Ilẹ̀ Tuntun

Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ omi ni àwọn Dọ́ọ̀ṣì ń pè ní pólídà. Wieringermeer gbẹ ní ọdún 1930, Noordoostpolder ní ọdún 1942, Flevoland Ìlà-Oòrùn ní ọdún 1957, Flevoland Gúúsù sì ní ọdún 1968. Lórí ilẹ̀ báyìí tí kò ní baálẹ̀, tí kò ní ojúbọ, tí kò ní ẹnì kan tí yóò sọ pé ilẹ̀ baba òun ni, ìjọba ní àǹfààní láti ṣe ètò bí ó ṣe wù ú. Ìjọba ni ó ni ilẹ̀, òun ni ó sì ń yan ẹni tí yóò dá oko níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa lọ wo ilé àgbẹ̀ tí ó bá béèrè kí wọ́n tó gbà á.

Ní Noordoostpolder, wọ́n fi ìlú Emmeloord sí àárín, wọ́n sì to abúlé mẹ́wàá yí i ká. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni òṣùwọ̀n wọn: kí ẹnikẹ́ni lè gun kẹ̀kẹ́ dé abúlé láti oko láì pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ́ Flevoland Ìlà-Oòrùn tán, àwọn àgbẹ̀ ti ń ra mọ́tò. Abúlé tí wọ́n kọ́kọ́ pinnu láti tẹ̀ dó níbẹ̀ dín kù di mẹ́ta péré. Ní Flevoland Gúúsù, ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ di ibùgbé ẹyẹ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Òun ni Oostvaardersplassen. Ìlú Almere, tí àwọn ará ibẹ̀ kọ́kọ́ wọlé sí ní ọdún 1976 láti dín èrò Amsterdam kù, ti ní ju 200,000 ènìyàn lọ. Ní ọdún 1986, Flevoland di ìpínlẹ̀ kejìlá.

Ní àkókò yìí kan náà ni ètò ìlò ilẹ̀ fún orílẹ̀-èdè lápapọ̀ ń gbèrú. Òfin ilé gbígbé ti ọdún 1901 ni ó kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí àwọn ìlú tí ó ń dàgbà ní ètò ìmúgbòòrò. Àjọ ètò orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1941, lábẹ́ ìjọba àwọn Jámánì tí ó gba ilẹ̀ náà lógun. Ìwé ètò àpapọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1960, òfin ètò ìlò ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1965. Ohun méjì ni àwọn aláṣẹ ń lé: kí àwọn ìlú ńlá bí Amsterdam, Rotterdam, Hague àti Utrecht má ṣe so kọ́ra di ọ̀kan, kí pápá oko tí ó wà láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Ọkàn Tútù, má sì ṣe kú. Ìwé ètò kejì, ti ọdún 1966, sọ pé àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà yóò tó mílíọ̀nù 20 ní ọdún 2000. Nígbà tí ọdún náà pé, wọn kò tó mílíọ̀nù 16. Ẹ̀kọ́ tí kẹ̀kẹ́ àti abúlé kọ́ wọn ni èyí náà tún kọ́ wọn: ìṣirò kò lè rọ́pò ojú tí ń wo ìgbésí ayé bí ó ṣe ń yí padà.

Omíyalé Ọdún 1953 àti Iṣẹ́ Delta

Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ mọ́ ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé ọdún 1953, ìjì láti àríwá ìwọ̀-oòrùn pàdé ìkún òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nẹ́dálándì. Odi ya ní Zeeland àti ní àwọn erékùṣù itòsí rẹ̀. Òru ọjọ́ Sátidé ni. Rédíò orílẹ̀-èdè ti pa ẹnu dé ní ọ̀gànjọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà lójú oorun nígbà tí omi dé ojú fèrèsé wọn. Àwọn 1,836 ni ó kú. Lẹ́bàá odò Hollandse IJssel, nígbà tí odi kan fẹ́ ya pátápátá, awakọ̀ ojú omi kan darí ọkọ̀ rẹ̀, tí ń jẹ́ Tẹ̀gbọ́n Tàbúrò ní èdè tiwọn, wọ inú ihò náà ó sì fi dí i. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, omi ì bá ti rọ́ wọ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ Holland tí èrò kún fọ́fọ́.

Ohun tí ó dunni jù ni pé àwọn kan ti rí i tẹ́lẹ̀. Láti bí ọdún 1937 ni Johan van Veen, ẹnjiníà kan ní Rijkswaterstaat, ti ń kìlọ̀ pé àwọn odi náà kéré jù. Owó kò sí, ogun dé, lẹ́yìn ogun ẹ̀wẹ̀, ilé kíkọ́ ni ó ṣáájú. Ìwé kò lè ṣí àpò. Òkú ni ó ṣí i. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn àjálù náà tí wọ́n fi dá Ìgbìmọ̀ Delta sílẹ̀, òfin Delta sì jáde ní ọdún 1958.

Èrò tí ó wà nídìí ètò náà rọrùn láti sọ: dípò kí wọ́n gbé gbogbo odi inú lọ́hùn-ún ga, kí wọ́n sé ẹnu àwọn apá òkun, kí etíkun tí wọn yóò máa ṣọ́ lè fi nǹkan bí kìlómítà 700 kúrú sí i. Ọ̀nà tí ó lọ sí èbúté Rotterdam àti èyí tí ó lọ sí Antwerp nìkan ni wọn yóò fi sílẹ̀ fún ọkọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fi ìṣirò gbé odi lé òṣùwọ̀n: àdánù tí omi lè fà ní ẹ̀gbẹ́ kan, owó odi ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní àárín Holland, odi gbọ́dọ̀ dúró de irú ìjì tí kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún 10,000.

Oosterschelde ni apá òkun tí ó tóbi jù, òun ni wọ́n sì fi sí ìkẹyìn. Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n dí i pa, kí iṣẹ́ sì parí ní ọdún 1978. Ṣùgbọ́n ní ìlú Yerseke, àwọn tí ń sin ẹran omi oníkarawun mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Zuiderzee. Wọ́n mọ̀ pé bí òkun kò bá wọlé mọ́, tí kò sì jáde mọ́, iṣẹ́ àwọn ti tán. Àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ àti ẹja dara pọ̀ mọ́ wọn, àwọn ọ̀dọ́ náà sì kún wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn rárá, nítorí pé ní Zeeland kan náà ni àwọn tí omi gbé ọmọ àti òbí wọn lọ wà, tí wọ́n ń béèrè pé èwo ni ẹran omi níwájú ẹ̀mí ènìyàn. Orí kan ni, àwọn méjì ni wọ́n sì ní í.

Ní ọdún 1974, ìjọba Joop den Uyl yàn ọ̀nà kẹta, ilé aṣòfin sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1976: odi tí ó ní ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé òpó kọnkéré 65 kalẹ̀, wọ́n fi ilẹ̀kùn irin 62 sáàárín wọn. Ní ojoojúmọ́, ilẹ̀kùn a wà ní ṣíṣí kí òkun lè wọlé kí ó sì jáde. Bí ìjì bá ń bọ̀, wọn a tì í. Ọbabìnrin Beatrix ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1986. Owó rẹ̀ ju ti odi lásán lọ dáadáa, ọdún mẹ́jọ ni ó sì fi pẹ́ ju bí wọ́n ti pinnu. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ tí kò lábùkù: agbára omi tí ń wọlé dín kù, yanrìn etí omi tí àwọn ẹyẹ ti ń jẹ sì ń ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọdún 1932 àti ọdún 1986 kò farasin. Ní ti àkọ́kọ́, àwọn apẹja gba owó ìrànwọ́ lẹ́yìn tí ètò ti parí. Ní ti èkejì, ohùn wọn yí ètò náà padà kí odi tó dúró. Ní Markerwaard, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ti kọ́ odi rẹ̀ tán ní ọdún 1975, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi pa gbígbẹ rẹ̀ tì. Omi ni ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí.

Ojú Irin Betuwe: Nígbà tí Wọ́n Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Kò yẹ kí òǹkàwé rò pé láti ìgbà náà ni ìjọba kò ti ṣàṣìṣe mọ́. Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba pinnu láti la ojú irin ẹlẹ́rù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 160 láti èbúté Rotterdam dé ẹnubodè Jámánì. Àwọn ará agbègbè Betuwe, níbi tí ọgbà èso pọ̀ sí, ta kò ó. Àwọn mìíràn sì béèrè bóyá ẹrù tí wọ́n ń sọ yóò wà lóòótọ́. Ìdáhùn tí ìjọba fún wọn ni ògiri ìdènà ariwo àti ihò abẹ́ ilẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ìbéèrè gan-an, ìyẹn bóyá ó yẹ kí ojú irin náà wà, kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ojú irin náà ṣí ní ọdún 2007 lẹ́yìn tí ó ti gba nǹkan bí bílíọ̀nù 4.7 owó Yúrò, tí í ṣe ìlọ́po ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Ní ọdún 2004, ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ lábẹ́ Adri Duivesteijn ti jẹ́rìí sí i pé ilé náà kò rí ìròyìn tí ó péye gbà, kò sì ṣọ́ iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bí ó ti yẹ. Àwọn aṣòfin pàápàá wà lára àwọn olórí tí wọ́n fá orí wọn lẹ́yìn wọn.

Ààyè fún Odò

Ní ọdún 1993 àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, ewu kò ti òkun wá mọ́, láti inú odò ni ó ti wá. Rhine àti Maas kún dé góńgó odi. Ní ọdún 1995, nǹkan bí 250,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò nílé. Odi kò ya, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn onímọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni odi ti ń ga sí i, tí àyè odò sì ń fún sí i. Bí odi gíga bá wá ya, àjálù tí yóò fà ga ju ti odi kúkúrú lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yí èrò padà: kí wọ́n fún odò ní ilẹ̀ díẹ̀ padà. Ètò Ààyè fún Odò, tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2007, kan ibi tí ó ju ọgbọ̀n lọ, ó sì ná wọn ju bílíọ̀nù méjì Yúrò lọ.

Ní Lent, ní òdìkejì ìlú Nijmegen, wọ́n sún odi sẹ́yìn ní mítà 350, wọ́n sì wó nǹkan bí àádọ́ta ilé. Ní pólídà Overdiep, lẹ́bàá Maas, àwọn ìdílé àgbẹ̀ tí wọn kò tó ogún gbọ́ pé ilẹ̀ wọn yóò di ibi tí odò yóò máa yà sí. Dípò kí wọ́n dúró de ìwé àṣẹ, àwọn fúnra wọn gbé àbá dìde: kí àwọn tí ó bá fẹ́ lọ gba owó kí wọ́n lọ, kí ìjọba sì bu òkìtì gíga fún àwọn tí ó bá fẹ́ dúró, kí ilé àti àká màlúù wọn lè wà lókè omi. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Orí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé ní Friesland kí odi tó wà rárá. Ìjọba gba àbá náà. Òkìtì mẹ́jọ ni wọ́n bù. Ó ju ìdajì àwọn ìdílé náà tí ó kúrò, ìyẹn sì dun àwọn kan títí di òní, nítorí owó kò lè ra ilẹ̀ tí ènìyàn dàgbà sí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ ìgbà tí wọ́n gbé abẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn kò ju mẹ́ta lọ. Èkínní, ìkìlọ̀ nìkan kì í sábà tó: ètò Lely dúró de ìjì ọdún 1916 àti ebi ogun, ti van Veen dúró de òkú 1,836. Èkejì, ìṣirò tí ó péye jù lọ nípa omi kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí yóò pàdánù. Lorentz ka ìkún òkun fún ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ tí ó ka ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ará Urk bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, láti Urk dé Yerseke, láti Yerseke dé Overdiep, ohùn àwọn tí ètò náà kàn ń sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ètò díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Betuwe fi hàn pé ọ̀nà náà kò tọ́ gbọrọgbọrọ.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, òfin tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nẹ́dálándì, tí ó kó òfin 26 lórí ilẹ̀, omi, ilé àti àyíká pọ̀ sójú kan, tí ó sì fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára sí i. Òkun ń ga, odò kò sì ní dẹ́kun kíkún. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú lè ju ti ẹ̀yìn lọ, ilẹ̀ tí odò yóò tún béèrè sì ni ilẹ̀ ẹnì kan. Bí òfin tuntun náà yóò ti dára tó, kì í ṣe nínú ìwé ni yóò ti hàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún gbé máàpù sílẹ̀ láti fa ìlà ni yóò hàn, bí olórí bá wà níjòókòó nígbà tí wọ́n ń pọ́n abẹ.